Sugar Land ní Texas: ìlú ni àbí ẹ́sítéètì? Ẹni tó mọ̀dí ẹ̀ kó wá sọ̀rọ̀

Ọmọ_Ẹ̀gbá_UK kọ pé:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ ẹ̀ fẹ́ kó kúrò ní London lọ sí Texas, iṣẹ́ ọkọ ẹ̀ ló ń gbé wọn lọ, ibi tí wọ́n sì fojú sí ni Sugar Land lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston. Mo wá lọ wo ibẹ̀ lórí máàpù, gbogbo ohun tí mo rí ò ju òrùlé, òrùlé, adágún omi kékeré, òrùlé, ibi tí wọ́n ti ń gbá gọ́ọ̀fù, òrùlé. Mi ò rí ọjà, mi ò rí ojúde kankan. Àbúrò ọkọ ẹ̀ tó wà ní New Jersey wá ń sọ fún wa pé irú ìlú bẹ́ẹ̀ ò nítàn, àná ni wọ́n kọ́ ọ, tẹ́ ẹ bá ti rí ọ̀kan ẹ ti rí gbogbo ẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ẹni tó ń gbébẹ̀ tàbí tó mọ ìdí ibẹ̀ kó jọ̀ọ́ là wá lọ́yẹ̀. Ìwà ìlú yẹn gan-an ni mo fẹ́ mọ̀ o, iye ilé nìkan kọ́.

Ajẹ́bọ́tà_H:

Hahaha, ojúde ní Texas kẹ̀! Kábíyèsí ibẹ̀ ni HOA, ìyẹn ẹgbẹ́ onílé, ẹ ó mọ̀ wọ́n láìpẹ́. Mo ti gbé First Colony rí, ẹ́sítéètì ńlá kan nínú Sugar Land, kí n tó kó lọ sí Katy. Ó tó nǹkan bíi 20 máìlì sí àárín Houston, ọ̀nà 59 ló gba ibẹ̀ kọjá, òun náà ni wọ́n ń pè ní I-69 báyìí. Ibẹ̀ mọ́, ó dákẹ́, ilé ìwé wọn dáa, ọmọ lè gun kẹ̀kẹ́ níta kí ọkàn ìyá ẹ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, ẹni tó ní kò nítàn yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ parọ́. First Colony Mall, 1996 ni wọ́n ṣí i. Town Square tí wọ́n ń pè ní àárín ìlú, tí ọ́fíìsì méyọ̀ wà, lẹ́yìn ọdún 2000 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ, wọ́n kàn ṣe é kó jọ ti àtijọ́ ni. Ilé wọn náà ẹ ti mọ̀ ọ́n: bíríkì, gáréèjì mọ́tò méjì, igi kan níwájú, ó tán. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀ mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ mi ṣí ilé onílé.

Alákọ̀wé_Brazos:

Ajẹ́bọ́tà ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba irọ́ lọ sí London. Àwọn ilé ló jẹ́ tuntun. Ẹ jẹ́ n kọ ọ́ gùn díẹ̀, ẹni tó bá sú kó fò ó.

Nígbà tí ibẹ̀ ṣì wà lábẹ́ Mẹ́síkò, ní àwọn ọdún 1820, Stephen F. Austin kó àwọn ìdílé láti Amẹ́ríkà wá tẹ̀dó sí agbègbè yẹn, àwọn tí wọ́n ń pè ní Old Three Hundred. Akọ̀wé ẹ̀, Samuel May Williams, gba ilẹ̀ tiẹ̀ lẹ́bàá Oyster Creek, ibẹ̀ ló wá di oko ńlá kan tó ń jẹ́ Oakland Plantation. Àwọn mọ̀lẹ́bí Williams ló gbin ìrèké síbẹ̀, 1843 ni wọ́n kọ́ ibi tí wọ́n ti ń fún un tí wọ́n sì ń sè é di ṣúgà. Ta ló ń ṣiṣẹ́ ọ̀hún? Ẹrú ni o, àwọn èèyàn wa. Iṣẹ́ ìrèké ò sì jọ iṣẹ́ òwú, tí ó bá ti tó àsìkò gígé, tọ̀sán tòru ni torí ìrèké tí wọ́n ti gé ò gbọdọ̀ pẹ́ nílẹ̀. Ìdí ìrèké yìí náà ni wọ́n fi kó àwọn Yorùbá lọ sí Cuba láyé ìgbà yẹn, nítorí náà kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn wá.

1853, Benjamin Terry àti William Kyle ra oko náà, àwọn ló sọ ibẹ̀ ní Sugar Land. Àsìkò yẹn náà ni rélùwéè àkọ́kọ́ ní Texas ń bọ̀ láti apá Houston, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ oko wọn kọjá, owó dé. Ogun abẹ́lé bẹ́, Terry kó àwọn ẹlẹ́ṣin jọ lọ jà fún àwọn tó fẹ́ kí ẹrú máa bá a lọ, Kentucky ni wọ́n pa á sí lọ́dún 1861, ogun ò tíì gbóná dáadáa.

Ibi tó wá burú sí nìyí. June 19, 1865 ni ìkéde òmìnira dé Texas. Ó yẹ kó parí, àbí? Àmọ́ òfin tó fòpin sí ẹrú ní Amẹ́ríkà, Àtúnṣe Kẹtàlá sí ìwé òfin wọn, fi ẹnu ọ̀nà kan sílẹ̀: wọ́n lè fi tipátipá kó èèyàn ṣiṣẹ́ tó bá jẹ́ ìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí ilé ẹjọ́ dá fún un ni. Ẹ rò ó wò. Wọ́n á mú ọmọkùnrin dúdú torí pé ó ń rìn kiri láìníṣẹ́ tàbí torí wọ́n ní ó jí ẹlẹ́dẹ̀ kan, adájọ́ á jù ú sẹ́wọ̀n, ìjọba á wá fi ẹlẹ́wọ̀n ọ̀hún háyà fún olóko. Edward Cunningham àti Littleberry Ellis, àwọn tó ni oko Sugar Land nígbà yẹn, ní 1878 gbogbo ẹlẹ́wọ̀n Texas pátá ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n sì ń pín àwọn tó kù fún olóko mìíràn. Ẹrú tẹ́ ẹ fowó rà, ẹ ò ní fẹ́ kó kú. Ẹlẹ́wọ̀n tẹ́ ẹ háyà, tí ó bá kú ìjọba á fún yín ní òmíràn. Inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń dúró sí gé ìrèké, ibà ń pa wọ́n, pàṣán ń bà wọ́n. Orúkọ tí wọ́n mọ ibẹ̀ sí ni ihò ọ̀run àpáàdì etí odò Brazos.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_UK:

Ha! Ẹ̀gbọ́n, ara mi bù máṣọ. Gbogbo èyí lábẹ́ pápá gọ́ọ̀fù yẹn?

Ìyá_Ìbejì_Telfair:

Ẹ kú iṣẹ́ opolo ẹ̀gbọ́n Alákọ̀wé. Èmi ń gbé Telfair, nínú Sugar Land náà ni, ẹ sì jẹ́ kí n sọ tèmi. Telfair yìí gan-an, ilẹ̀ oko ẹ̀wọ̀n ni. Ìjọba Texas ra oko lọ́wọ́ àwọn olóko ní nǹkan bíi 1908, wọ́n sọ ọ́ di Imperial Prison Farm, orúkọ tó gbẹ̀yìn tí wọ́n pè é ni Central Unit, 2011 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tì í. 2011 o! Àwọn kan ti kó wọ ilé tuntun sí Telfair tí ẹlẹ́wọ̀n ṣì wà ní tòsí wọn. Lead Belly olórin yẹn, onígìtá tí gbogbo ayé mọ̀, Sugar Land ló ti ṣẹ̀wọ̀n kí gómìnà Pat Neff tó dárí jì í lọ́dún 1925.

Ilé kan wà lágbègbè wa tí wọ́n ń kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n dúdú sí nígbà kan. Ní 2009 wọ́n tún un ṣe, ó di ẹ̀ka Houston Museum of Natural Science, egungun dáínásọ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí. Àwọn ìbejì mi fẹ́ràn ibẹ̀ kú. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí ilé náà jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ti 2018 ló wá mú gbogbo wa. Àwọn aláṣẹ ilé ìwé Fort Bend, ìyẹn káúntì tí Sugar Land wà, ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní James Reese Center, ẹni tó ń wa katapílà rí egungun nínú ilẹ̀. Àwọn tó mọ̀ nípa egungun wá gbẹ́ ibẹ̀, wọ́n rí òkú 95. Ọkùnrin ni 94, obìnrin kan ṣoṣo. Àwọn kan ò ju ọmọ ọdún 14 lọ, ẹni tó dàgbà jù tó bíi 70. Láàárín 1878 sí 1911 ni wọ́n sin wọ́n. Egungun wọn fi hàn pé iṣẹ́ ti wọ́ wọn kó tó pa wọ́n.

Alákọ̀wé_Brazos:

Ẹ ṣé Ìyá Ìbejì. Ẹ má sì gbàgbé Reginald Moore. Ó ti ṣe wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n ní agbègbè yẹn láàárín àwọn ọdún 1980, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, ó sì ń pariwo fún ọ̀pọ̀ ọdún pé òkú wà nílẹ̀ yẹn, ẹ má kàn kọ́lé lé e lórí. Wọn ò dá a lóhùn tó bó ṣe yẹ. Ìgbà tí wọ́n rí egungun ni gbogbo tẹlifíṣọ̀n wá ń wá a kiri. 2020 ló kú, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ rí i tí wọ́n tún àwọn 95 yẹn sin ní November 2019, níbi tí wọ́n ti rí wọn náà. Ilé ìwé yẹn ti parí, itẹ́ òkú ọ̀hún sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ọlọ́jà_Bissonnet:

Ẹ dákun, kí ló kan ẹni tó fẹ́ ra ilé nínú gbogbo eléyìí? Obìnrin béèrè ìlú tó dáa, ẹ ń sọ egungun fún un. Ilẹ̀ wo ni wọn ò sin èèyàn sí ní Amẹ́ríkà? Tí a bá ní ká máa wádìí báyìí, kò síbi tá a máa gbé. Mo ń tajà fún àwọn ará Sugar Land, wọ́n ń jẹ ayé wọn, dókítà, nọ́ọ̀sì, ẹnjiníà, àwọn tó ń ṣe epo rọ̀bì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbádùn.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_UK:

Ọkùnrin ni mí o 😂. Àmọ́ mo béèrè ìtàn náà fúnra mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀.

Alákọ̀wé_Brazos:

Ọlọ́jà, ẹ ò jẹ̀bi, ẹni tó ń sáré mọ́gẹ́ẹ̀jì ò ráyè kàwé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kan ilé tí wọ́n fẹ́ rà gan-an, màá sọ bó ṣe kàn án.

Lẹ́yìn Cunningham, Isaac Kempner ará Galveston àti William Eldridge ra oko àti ilé iṣẹ́ ṣúgà náà, ní nǹkan bíi 1907 wọ́n dá Imperial Sugar sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ló wá kọ́ ìlú. Ilé tẹ́ ẹ̀ ń gbé, ti kọ́ńpìnnì ni. Ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ ti ń rajà, ti kọ́ńpìnnì. Ilé ìwé, ilé ìwòsàn, àwọn ló wà nídìí ẹ̀. Òṣìṣẹ́ funfun ní àdúgbò tiwọn, àwọn dúdú àti àwọn Mẹ́síkò wà ní apá Mayfield Park. Ìrèké fúnra ẹ̀ ò pẹ́ tó fi tán nínú oko, ṣúgà pupa tí wọ́n ń kó wá láti òkèèrè ni wọ́n ń fọ̀ di funfun. Ilé bíríkì gíga tí ẹ máa rí lẹ́bàá ọ̀nà rélùwéè, Char House, 1925 ni wọ́n kọ́ ọ, egungun ẹran tí wọ́n jó ni wọ́n fi ń sẹ́ ṣúgà nínú ẹ̀. 2003 ni iṣẹ́ dá níbẹ̀, wọ́n ti wó púpọ̀ nínú àwọn ilé yòókù, àmọ́ Char House ṣì dúró, ọdọọdún ni wọ́n ń pètò ohun tí wọ́n máa fi ṣe.

1959 ni Sugar Land ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìlú lábẹ́ òfin, tó ní méyọ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀gá kọ́ńpìnnì ni méyọ̀. Ní 1970 àwọn tó ń gbébẹ̀ ò ju nǹkan bíi 3,300. Ẹ wo bó ṣe lọ lẹ́yìn náà: 1980, ó sún mọ́ 9,000, 1990, ó ti kọjá 24,000, 2000, 63,000 àti díẹ̀, 2020, 111,000.

Báwo ló ṣe yára bẹ́ẹ̀? Ọ̀nà 59 ṣiṣẹ́ tiẹ̀, owó epo Houston ṣiṣẹ́ tiẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi ohun tó gbé e ni pé ilẹ̀ yẹn ò fọ́nká rí. Austin fi fún ẹnì kan, ẹnì kan tà á fún ẹni méjì, ó di ti Cunningham, ó di ti Kempner. Ní àwọn ọdún 1970, Gerald Hines kọ́lékọ́lé wá ra ẹgbẹẹgbẹ̀rún éékà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó fi ṣe First Colony tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10,000 éékà. Kò ní láti lọ bẹ̀ mọ̀lẹ́bí kan lẹ́yìn ìkejì bíi tàwọn tó ń ra ilẹ̀ ní Ìkòròdú, tí ọmọ onílẹ̀ mẹ́rin á máa ta ilẹ̀ kan náà. Ìdí nìyẹn tí òrùlé fi jọra. Ọwọ́ kan ló ń pàṣẹ ibẹ̀ láti àwọn ọdún 1820 títí dòní, orúkọ olówó ló ń yí padà. Ẹ wá dé lónìí, ẹ̀yin lẹ fowó yín ra ilé, ẹgbẹ́ kan ṣì wà tó máa sọ ọ̀dà tẹ́ ẹ lè fi kùn ún.

Ajẹ́bọ́tà_H:

Alákọ̀wé ẹ pa mí o 😂😂 ọ̀rọ̀ HOA yẹn kàn mí lára. Ẹgbẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ kọ lẹ́tà sí mi torí dọ́ọ́tíbìnnì tó wà níta di ọjọ́ kejì, wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, koríko. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀dà fẹ́ǹsì tí kò bá tàwọn yòókù mu. Mo gbà, ẹ gba ìdí ẹ̀ yọ sí mi.

Ọ̀dọ́_Akọ̀tàn:

Ẹ̀gbọ́n Alákọ̀wé, kí ẹ má fi ti ìyà nìkan sílẹ̀, àwọn dúdú ti ṣèjọba ní Fort Bend yìí rí. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé àwọn dúdú ló pọ̀ jù ní káúntì yẹn torí oko ìrèké àti òwú. 1869 wọ́n dìbò yan Walter Moses Burton ní ṣẹ́rífù, ẹrú ni wọ́n bí i, ó di ọ̀kan lára àwọn dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò fún sípò ṣẹ́rífù ní gbogbo Amẹ́ríkà, ó tún ṣe sẹ́nétọ̀ ní Texas. Ó wá di 1888 sí 1889, ẹgbẹ́ àwọn funfun tó ń pe ara wọn ní Jaybird gbé ìbọn jáde ní Richmond tó jẹ́ olú ìlú káúntì, wọ́n lé àwọn dúdú àti àwọn tó ń bá wọn ṣe kúrò lórí oyè. Lẹ́yìn náà wọ́n ń dá ìbò tiwọn dì ṣáájú ìbò gidi, dúdú ò gbọdọ̀ débẹ̀, ẹni tó bá sì wọlé níbẹ̀ ló máa wọlé. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ló fòpin sí i ní 1953, ẹjọ́ Terry v. Adams. 1953 kìí ṣe ayé Nóà o, ìyá bàbá mi ti ń tajà nígbà yẹn.

Ìyá_Ìbejì_Telfair:

Ẹni tó bá wá wo ibẹ̀ nísinsìnyí ò ní gbà gbọ́. Àwọn aládùúgbò wa: Íńdíà lọ́tùn-ún, Ṣáínà lósì, Fẹ̀tìnáàmù lẹ́yìn, funfun Texas kan tó ń yan barbecue lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn tó wá láti Éṣíà ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ nínú ìlú. Tẹ́ńpìlì Sri Ashtalakshmi, ní 2024 wọ́n gbé ère Hanuman kan dúró níbẹ̀ tó ga tó 90 ẹsẹ̀ bàtà, ẹ ó máa rí i lókèèrè. Ọmọ Nàìjíríà náà pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tiwa fọ́nká sí Missouri City, Richmond, Katy. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ̀fọ́ ṣọkọ, ṣàkì àti ponmọ́, ẹ ó wakọ̀ lọ sí apá Bissonnet tàbí Alief ní Houston, Ọlọ́jà á gbà yín lálejò. Kò sí bọ́ọ̀sì gidi, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín mọ̀, ẹni tí kò bá ní mọ́tò ní Sugar Land, ilé ló wà. Ẹni tó ti mọ́ ara ẹ̀ pẹ̀lú tube ti London á kọ́kọ́ sunkún.

Ọlọ́jà_Bissonnet:

Ẹ máa bọ̀, mo ní èlùbọ́ tó dáa 😀. Owó orí ni kẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè. Texas ò gba owó orí lórí owó oṣù, àmọ́ ojú ilé ni wọ́n ti ń gbà á padà. Ó lè tó 2% iye ilé lọ́dọọdún, àdúgbò tuntun tó bá wà lábẹ́ MUD, ìyẹn àwọn tó yáwó ṣe páìpù omi àti gọ́tà, lè kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ máa wo ìwé ilé kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ tún béèrè bóyá inú Sugar Land ni ilé yẹn wà lóòótọ́, torí oníbàárà mi kan gbé Greatwood fún ọdún púpọ̀ tó ń kọ Sugar Land sórí lẹ́tà, inú ìlú kọ́ ló wà lábẹ́ òfin, ìparí 2017 ni wọ́n tó gba Greatwood àti New Territory wọlé.

Alákọ̀wé_Brazos:

Ọ̀rọ̀ omi náà o. Odò Brazos ò jìnnà rárá. Ilẹ̀ tẹ́jú bí pákó, ẹrẹ̀ tí ìrèké fẹ́ràn náà ni. Wọ́n mọ òkìtì ìdènà omi yí àwọn ẹ́sítéètì púpọ̀ ká. Nígbà ìjì Harvey ní 2017, odò náà ga tó 55 ẹsẹ̀ bàtà ní Richmond, wọ́n ní káwọn kan nínú Sugar Land jáde nílé, òkìtì yẹn gba ọ̀pọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n òjò tó rọ̀ sínú òkìtì ò rọ́nà jáde, àwọn kan lomi wọlé tọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ilé bóyá omi ti wọ ibẹ̀ rí, kí wọ́n sì ra ìnṣọ́ránsì omi kódà tí báńkì ò bá béèrè ẹ̀.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_UK:

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á máa bá yín gbé e. Mo ti fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ ẹ̀ ń béèrè ọ̀rọ̀ owó orí, òun ń béèrè bóyá èèyàn lè débi tí wọ́n sin àwọn 95 yẹn sí, àbí ọgbà ilé ìwé ni, wọn ò ní jẹ́ kéèyàn wọlé?

Ìyá_Ìbejì_Telfair:

Inú ilẹ̀ ilé ìwé ni, nítorí náà kí wọ́n kọ́kọ́ pe àwọn aláṣẹ ilé ìwé Fort Bend. Itẹ́ òkú àtijọ́ kan tún wà ní Telfair, Old Imperial Farm Cemetery, òkúta orí sàréè ṣì wà níbẹ̀, wọ́n fi irin yí i ká. Tí wọ́n bá ti dé Texas kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà wọn ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, màá mú ẹ̀gbọ́n yín débẹ̀, ká gba ọ̀dọ̀ Ọlọ́jà kọjá lọ gbé èlùbọ́.